Aṣọ Ìbora Elétí Pupa

Sherbrooke, Kánádà
17 oṣù Kìíní, 2022

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ṣé ara yín le? Ṣé etí tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Àbúrò mi Euloge sọ fún mi pé ẹ kò gbọ́ ohun tí a bá ń sọ nínú tẹlifóònù mọ́ dáadáa, pé bí mo ti ń sunkún níhìn-ín ni ẹ̀yin ń pariwo «Háló, háló» lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò. Ẹ jẹ́ kí a máa kọ̀wé sí ara wa bíi ti àtijọ́, kí làálàá àwọn másẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà tó kọ́ yín ní ìwé ní Kétu, má baà já sí asán.

Màmá, ẹ dárí jì mí pé n kò wá sin Bàbá. Pápíyè ìgbélùú mi ṣì wà ní bírò ìjọba wọn títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Bí mo bá jáde ní ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó fún mi, n kò ní lè padà wọlé mọ́. Mo mọ̀ pé ilé kò fẹ́ gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Lójú wọn, ọmọ tí kò bu erùpẹ̀ sí ibojì bàbá rẹ̀, irú ọmọ wo nìyẹn? Èmi náà ń bi ara mi.

Níbi iṣẹ́ mi, nílé àwọn arúgbó, ìyá àgbà kan wà tí mo ń tọ́jú, Madame Gilberte ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tó rí i pé mò ń sunkún bí mo ti ń tẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó fún mi ní abẹ́rẹ́ gígùn méjì àti òwú tí wọ́n fi irun àgùntàn ran, ó ní kí n jókòó kí n máa hun nǹkan. Fìlà tí mo kọ́kọ́ hun dà bí òṣùká. Mo hun ẹ̀wù tẹ̀ lé e, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó súnkì títí ó fi di ẹ̀wù ọmọlangidi. Madame Gilberte rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí Euloge ti pè mí nípa Bàbá. Bí ọwọ́ mi bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ọkàn mi á rọlẹ̀ díẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ. Bí ẹbí bá fẹ́ pín aṣọ Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò mí. Bó ṣe ẹ̀wù oko rẹ̀ ni wọ́n fún mi, n ó gbà á. Mo fẹ́ ní nǹkan rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọmọ yín,
Huguette


Kpankou, agbègbè Kétu
2 oṣù Kẹta, 2022

Huguette, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ìyá arúgbó tó ń bá mi rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. Honoré, ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Kútọnù àti ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn, ló gbé ìwé rẹ fún mi. Ara mi le. Etí ni kò gbọ́ tèmi mọ́.

Inú mi kò dùn sí ọ, n kò ní purọ́ fún ọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń béèrè pé Huguette dà. Mo ṣàlàyé títí ẹnu ro mí. Obìnrin kan láti Adakplamè ní ṣé pápíyè ló bí ọ ni.

Aṣọ tí o béèrè, a ti pín in. Babalọlá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ló jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí olórí ilé. Ó ní ọmọ tí kò sí níbi ìsìnkú kò ní ìpín, pé òun kò rí ọ nínú àwọn ọmọ Barnabé àbúrò òun lọ́jọ́ náà, òun kò sì ní kà ọ́ mọ́ wọn. Èmi ni mo dìde, bẹ́ẹ̀ opó kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ní inú mi lo ti jáde, n kò bí ọ sí pápá, bí wọn kò bá fún ọ, kí wọ́n má fún Euloge náà. Babalọlá wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí. Lẹ́yìn náà ó ju díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní tìrẹ nìyẹn.

Mo ti kó wọn fún Honoré. Agbádá aró tí bàbá rẹ wọ̀ lọ́jọ́ tó gbé mi níyàwó wà níbẹ̀, àti bùbá funfun tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde. Ẹ̀wù oko rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ṣòkòtò kan àti bọ́bọ́ gbàgẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ ewé tó rán lọ́dún tí o gba ìwé ẹ̀rí bàkì nílé ìwé. Pa wọ́n mọ́. Má fún àlejò kankan wọ̀.

Ọyẹ́ ọdún yìí kò fẹ́ lọ. Ibùsùn ti fẹ̀ jù fún èmi nìkan. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tí Euloge rà fún mi lọ́jà Kétu fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá, òtútù ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí o bá rí èyí tó nípọn níbẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi.

Ìyá rẹ,
Marguerite


Sherbrooke
11 oṣù Kẹfà, 2022

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú oko, ẹ kú òjò. Mo dúpẹ́ pé ẹ jà fún mi. Nígbà tí mo tú ẹrù náà, mo ti imú bọ ẹ̀wù oko Bàbá, òórùn èéfín àti ilẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín yàrá, mo sunkún dáadáa.

Màmá, ẹ má bínú kí ẹ tó kà á tán. Mo ti gé aṣọ Bàbá.

Wọ́n ní irú aṣọ ìbora kan níhìn-ín tí wọ́n máa ń fi aṣọ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn rán. A ó gé aṣọ sí ìrépé-ìrépé, a ó tò wọ́n sórí tábìlì títí ojú yóò fi gbà á, a ó wá rán wọn pọ̀. Lẹ́yìn náà a ó tẹ́ irun àgùntàn tí wọ́n ti yà dáadáa sáàárín aṣọ méjì, a ó fi abẹ́rẹ́ gún un já láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí irun náà má baà máa rìn. Nígbà tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ṣe mí bíi pé ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo ní n ó rán an fún yín, kí Bàbá lè máa bò yín nígbà ọyẹ́.

Kò rọrùn. Ó pẹ́ kí n tó lè fi àlùmọ́gàjí kàn wọ́n. Ẹ̀wù oko ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nítorí ó ti ya tẹ́lẹ̀. Mo fi agbádá aró sí àárín. Mo rán an, ó wọ́, mo tú u, mo tún un rán. Madame Gilberte kò ríran dáadáa mọ́, ìka ló fi ń wò ó. Bó bá ti kan ibi tí kò dán, á ní «Tú u, ọmọ mi», kò ní bojú wẹ̀yìn.

Àwọn àjákù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ kù, Màmá, n kò lè da Bàbá sí ààtàn. Mo rán wọn mọ́ ọn lára ní ìpele-ìpele, wọ́n ń fì. Madame Gilberte wá kọ́ mi ní ọnà kan fún etí rẹ̀: a ó ká aṣọ pupa sí onígun mẹ́ta, a ó tò ó yíká ṣóńṣó, ṣóńṣó, bí eyín ayùn. Ó rẹwà. Bí mo bá ń wò ó, ó ń ṣe mí bíi pé mo ti rí i níbì kan rí, n kò mọ ibẹ̀.

Bàbá Babalọlá ní òun kò kà mí mọ́ ọmọ. Ó dáa. Ìsìnkú tí mo lè ṣe nìyí, ọwọ́ mi ni mo fi ń ṣe é.

Ọmọ yín,
Huguette


Kpankou
20 oṣù Keje, 2022

Huguette,

Mo kí ọ. Mo ka ìwé rẹ, mo ti í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, mo tún yọ ọ́ kà bóyá ojú mi ló ń ṣe mí. O gé agbádá bàbá rẹ? Ta ló ń gé aṣọ tí kò ya? Aṣọ ẹni tó kú, a máa ń wọ̀ ọ́ ni, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n lè rí wa lọ́nà kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀. Mo ti ń fọkàn sí i pé ọmọ Euloge ni yóò wọ agbádá yẹn lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Mo jà níwájú gbogbo ilé nítorí rẹ. O wá kó ohun tí mo fi ẹnu mi gbà, o ti àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́.

N kò mọ ohun tí n ó sọ bí Babalọlá bá béèrè wọn lọ́wọ́ mi. Inú ń bí mi, má retí pé kí n kọ púpọ̀.

Fi ránṣẹ́. Òtútù ń bọ̀.

Ìyá rẹ


Sherbrooke
4 oṣù Kẹwàá, 2022

Màmá mi,

Ẹ má bínú sí mi mọ́. Mo ti gbé e fún Honoré, ó ń bọ̀ wálé lóṣù yìí. Bí ẹ bá ti fi bora, ẹ sọ bó ṣe rí fún mi. Bí ẹ kò bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ sọ ìyẹn náà. Irun àgùntàn wà nínú rẹ̀ o, ẹ má ṣe fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́.

Huguette


Sherbrooke
29 oṣù Kọkànlá, 2022

Màmá mi,

Ṣé kò sí nǹkan? Honoré ti padà dé, ó ní òun fà á lé yín lọ́wọ́, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá pe Euloge, á ní «Màmá wà dáadáa», á sì sọ pé iná tẹlifóònù òun fẹ́ kú. Ṣé ìbínú ni ẹ ń bá mi ṣe títí di ìsinsìnyí? Ẹ bú mi, Màmá, ó sàn ju kí ẹ dákẹ́ lọ. Ṣé ẹ ń fi bora?

Huguette


Kpankou
18 oṣù Kejìlá, 2022

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ẹ̀rù ló bà mí tí n kò fi kọ̀wé, kì í ṣe ìbínú. Ìbínú mi ti tán lọ́jọ́ tí mo rí i.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Honoré gbé e dé. Mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, mo fi ọwọ́ wá agbádá, mo rí i ní àárín. Mo rí ibi tí o ti pa ẹ̀wù oko pọ̀ mọ́ bùbá Àjíǹde. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, síbẹ̀ mo wé e mọ́ra, mo jókòó sínú rẹ̀ títí òógùn fi ń ṣàn lójú mi. Ó wúwo, ó sì tù mí lára. Mo ní bí Barnabé ti máa ń gbé ẹsẹ̀ lé mi gan-an nìyí.

Ó ń rùn díẹ̀ nítorí ó ti pẹ́ nínú àpótí. Mo gbé e jáde, mo sá a sórí okùn ní àgbàlá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Atẹ́gùn gbé e, àwọn àjákù tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń fì, etí pupa náà ń tàn. Ìyàwó Euloge tó ń tú èèpo àgbàdo gbójú sókè. Ó ju igbá sílẹ̀, ó sá wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin ilé tó kù sá tẹ̀ lé e. Èmi náà wá wò ó bí wọ́n ti wò ó, mo sì rí ohun tí wọ́n rí.

Àbẹ̀kẹ́, aṣọ eégún lo rán. Kékeré lo wà nígbà tí o kúrò nílé lọ kàwé ní Àjàṣẹ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí o rántí. Bàbá rẹ ṣèrìbọmi, ṣùgbọ́n ilé eégún ni wọ́n bí i sí. Nínú ilé yẹn, aṣọ òkú tí a gé ní ìrépé, tí a rán pọ̀, tí a fi pupa ṣóńṣó yí ká, ẹnìkan ló ń wọ̀ ọ́, kì í sì í ṣe ará ayé. Obìnrin ni mí, n kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n pe Babalọlá. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ní «Barnabé, ìwọ nìyí?» Omi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní «Ta ló rán an?»

O mọ̀ pé obìnrin kì í fọwọ́ kan irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé ó fi abẹ́rẹ́ sí i. Ká ní mo sọ pé ìwọ ni, wọn ì bá dáná sun ún lójú mi, wọn ì bá sì pa orúkọ rẹ rẹ́ pátápátá nínú ilé. Mo ní ọkùnrin kan ló rán an, ọmọ Kétu kan níbẹ̀, pé ìwọ lo bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Honoré, tí kò tíì kúrò lọ́dọ̀ wa, wò mí. Ó ní «Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, mo mọ ọkùnrin náà.» Babalọlá ká a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé e lọ sí ilé tí èmi kò lè wọ̀.

Má bínú sí mi.

Ìyá rẹ


Sherbrooke
9 oṣù Kìíní, 2023

Màmá,

Ẹ kú ọdún. N kò ní ìkíni púpọ̀ lẹ́nu.

Ọkùnrin wo? Ọkùnrin wo ló fi abẹ́rẹ́ gún ìka títí ẹ̀jẹ̀ fi kán sórí bùbá Àjíǹde, tó fi itọ́ ara rẹ̀ nù ún kúrò? Ọkùnrin wo ló jókòó ti agbádá lọ́sẹ̀ kan gbáko tí kò lè gé e? Ohun kan ṣoṣo ni mo rí ṣe fún Bàbá, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ fún ẹni tí kò sí láyé!

Madame Gilberte kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n kó gbogbo aṣọ ìbora tó ti rán wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tẹ́ wọn sórí àwọn àga, orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó lẹ́yìn, mo ń ka orúkọ rẹ̀, mo sì ń ronú ohun tí ẹ ṣe.

N ó kọ̀wé sí Bàbá Babalọlá fúnra mi. N ó sọ fún un pé èmi ni mo rán an. Bó bá wù ú, kí ó sun ún, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé mo sin bàbá mi.

Huguette


Kpankou
26 oṣù Kẹta, 2023

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Mo bá ọ kẹ́dùn ìyá arúgbó rẹ. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Má kọ̀wé sí Babalọlá. Bí o bá ti kọ ọ́, ya á, kí o sì ka èyí ná.

Wọ́n ti mú eégún bàbá rẹ jáde. Àwa obìnrin kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ń bọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin. Ó ga. Nígbà tó yípo, gbogbo àjákù tí o ní o kò lè dà nù yẹn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Agbádá aró bọ́ sí àyà rẹ̀ rẹ́gí. Mo mọ gbogbo rẹ̀, n kò lè wí. Obìnrin tó kúnlẹ̀ tì mí ní irú èyí kò jáde rí nílé wa.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó fi ohùn tiwọn kí mi kú ìdúró ilé. Ó pe Euloge, ó súre fún un. Ó pe àwọn ọmọ Euloge ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ó kù ọ́, mo ń retí. Kò pè ọ́, Àbẹ̀kẹ́. Ó wọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì pè ọ́. Ó dùn mí ju ikú rẹ̀ lọ. N kò ní fi pamọ́ fún ọ.

Àwọn obìnrin wá bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ẹni tó rán aṣọ yìí, Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ó ro ó láéláé. Mo ṣe àmín. Mo pariwo rẹ̀ débi pé Babalọlá yíjú wò mí, ó sì pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Mo rò pé ó mọ̀. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà kò sọ.

Bí ìwé rẹ bá dé ọwọ́ rẹ̀, dandan ni kí ó sọ̀rọ̀. Wọ́n á bọ́ aṣọ náà lára bàbá rẹ, wọ́n á sun ún, òun á sì máa wá láìní nǹkan tó fi bora. Ìwọ lo ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ohun tó bá tọ́ lójú rẹ ni kí o ṣe, n kò ní bínú.

Ìró pàǹyà méjì ni mo fi ń bora. Ó tó mi.

Ìyá rẹ,
Marguerite


Sherbrooke
15 oṣù Kẹrin, 2023

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìfaradà. Ṣé etí yín ń gbọ́ díẹ̀ sí i?

Mo ti ya ìwé náà. Mo sunkún pé kò pè mí, mo ṣì ń sunkún bí mo ti ń kọ èyí. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ó jẹ́ ọkùnrin ló rán an.

Mo ti ra irun àgùntàn mìíràn. Aṣọ funfun lásán ni n ó fi rán tiyín, kò ní ní etí pupa, ẹnikẹ́ni kò ní gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹ bá mi wo nǹkan kan. Ṣé ó bá Bàbá mu ní èjìká? Ibùsùn ni mo wọ̀n, n kò wọn ènìyàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ sì tún ń kọ mí lóminú, ní apá òsì, nítòsí ìsàlẹ̀. Honoré ti fẹ́ wọkọ̀ nígbà tí mo ń rán ibẹ̀, mo kánjú, òwú ẹyọ kan ni mo fi rán an dípò méjì. Bó bá jáde lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kúnlẹ̀ síbi tí ẹ ti lè rí i. Bí ibẹ̀ bá ti ń tú, ẹ sọ fún Euloge kí ó wá ọkùnrin kan tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú dáadáa.

Ọmọ yín,
Huguette